Búlúù Ọláníyọnu

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́ ìtàn ọkùnrin yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibi jókòó sí, nítorí orúkọ rẹ̀ nìkan yóò gbà wá ní àsìkò díẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dókítà Alàgbà Ayọ̀níyì Ọláníyọnu, Olùdarí Àgbà Ilé Ìwádìí Amọ̀ àti Irin, Baba Gbogbo Olùwádìí, Ẹni-tí-Iyọ̀-Rí-tí-Ó-Yọ́. Mo ti gé e kúrú o. Èyí tó wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ gùn débi pé káfíńtà ní láti kan pákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà kí ó tó gbà á tán.

Kumasi ni ilé ìwádìí náà wà, ní ìta ìlú, níbi tí ọkọ̀ èrò trotro tó bá gbéra ní Adum, láàárín ìlú, ti máa ń já èrò ìkẹyìn sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún kò ṣòroó yé: kí àwọn onímọ̀ kẹ́místírì máa wá ohun tí a lè fi amọ̀, òkúta, iyọ̀ àti irin ilẹ̀ yìí ṣe tí yóò wúlò fún aráàlú. Ọláníyọnu fúnra rẹ̀ jẹ́ onímọ̀ kẹ́místírì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé kò mọ nǹkan kan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, Alabar, àdúgbò kan ní Kumasi, ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ sì ń ta abọ́ tánganran nítòsí ọjà Kejetia. Orí rẹ̀ pé. Ó kàwé títí ó fi dé òkè òkun, ibẹ̀ ni ó ti fi ọdún mẹ́rin gbáko ṣọ́ omi iyọ̀ kan nínú àwo, títí kírísítálì aláwọ̀ ewé kan tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ fi hù nínú rẹ̀. Ó kọ̀wé lé e lórí, àwọn ọ̀mọ̀wé kà á, wọ́n mi orí. Ìyẹn ti di ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í ṣe Olùdarí, ọdún kọkànlá rèé, ohun kan ṣoṣo tó tún hù lọ́wọ́ rẹ̀ ni oyè.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ kì í ṣe ohun eré lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá yọ sí yàrá ìwádìí, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ohun tó dì mú kalẹ̀ kí ó sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìbáà ṣe ìgò ásíìdì, ìbáà ṣe àwo gbígbóná. Ó tún fẹ́ kí wọ́n máa fi Yorùbá kí òun, nítorí ó ní Gẹ̀ẹ́sì kò lọ́wọ̀ nínú, pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ọba tí wọ́n fi ń pe ajá. Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ kò rí ìyẹn bí ìṣòro. Àwọn Asante, tí púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ ju "ẹ kú" lọ, ń kí i ní "ẹ kú" láàárọ̀, "ẹ kú" lọ́sàn-án, wọ́n sì ń fi ìyókù sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Àtẹ ńlá tí a kọ orúkọ gbogbo èròjà ayé sí, irú èyí tó máa ń wà lára ògiri ní ilé kẹ́místírì gbogbo, ó ní kí wọ́n tún un tẹ̀, kí àwòrán òun wà lókè pátápátá, lórí háídírójìn.

Ṣùgbọ́n òfin tó le jù ni ti ìléru. Ìléru yìí ni ọkàn ilé ìwádìí náà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń sun amọ̀ nínú iná tó le débi pé irin a máa pọ́n bí ata. Okùn iná kan ṣoṣo ló sì gbé iná lọ sí ìléru àti sí ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì Olùdarí. Bí wọ́n bá ti tan ìléru, ẹ̀rọ amúlétutù a bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí àgbàlagbà tó ń gun òkè. Ọláníyọnu pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má tan ìléru mọ́ àfi bí òun bá rin ìrìn àjò. Láti ọjọ́ náà ni àwọn olùwádìí ti ń gbàdúrà fún ìrìn àjò ọ̀gá wọn. Bí ó bá lọ sí Accra fún ọjọ́ méjì, wọ́n a sun amọ̀ ọjọ́ méjì. Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n bẹ̀ ẹ́ wò nílé, wọ́n gbé ọsàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó lọ, wọ́n sì sọ fún un tọkàntọkàn pé kó má kánjú.

Báyìí ni Dókítà Sàbírátù Bákàrè ṣe fi ọdún mẹ́jọ ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ kó gbà ju ọdún méjì lọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí sí Alabar ni òun náà. Ìyá rẹ̀ ta àgbàdo títí ó fi dàgbà, ọdún kan kò sì lọ kí àpò díẹ̀ má bu nínú ilé ìkẹ́rù, nítorí ọ̀rinrin a máa wọlé láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, ìgbà tí wọ́n bá fi máa rí ebu lára àgbàdo, ó ti pẹ́. Sàbírátù wá ọ̀nà kan. Ó po amọ̀, ó ṣe é ní ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, ó sun ún nínú ìléru títí ihò kéékèèké fi kún ara rẹ̀, ó wá rẹ ẹ́ sínú iyọ̀ irin kan tí wọ́n ń pè ní kóbáàtì. Bí ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ náà wà bá gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ a jẹ́ búlúù. Bí ọ̀rinrin bá ti wọ ibẹ̀, á di píǹkì. Ó dé ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ́ inú ìgò kékeré tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé, kó má bàa kan ọwọ́ tàbí àgbàdo. Òǹtajà kò nílò láti mọ̀wé. Ojú rẹ̀ tó.

Nínú ọyẹ́ oṣù kìíní ni ó gbé ìgò kan àti ìwé iṣẹ́ náà lọ sí ọ́fíìsì Olùdarí. Ọláníyọnu kò wo ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn ojú fèrèsé bá ìlẹ̀kẹ̀ náà, tó sì ń dán bí ojú ẹyẹ, ó sún mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa rẹ̀: ní ìṣẹ́jú yẹn, ohun kan mì nínú rẹ̀. Ó fẹ́ bèèrè ohun tó gbé búlúù náà dúró nínú amọ̀. Ìbéèrè gidi ni, ó ti dé ètè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Ọdúnọlá wà níbẹ̀. Akọ̀wé àgbà ilé ìwádìí ni Ọdúnọlá, ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́ ohun mìíràn láyé ju ojú ọ̀gá rẹ̀ lọ, ó sì ti gboyè nínú ìyẹn. Ó rí i pé ọ̀gá fẹ́ràn ohun tó rí, ó sì wólẹ̀.

"Bàbá, àwọ̀ yìí kì í ṣe àwọ̀ lásán," ó ní. "Ọgbọ́n ló kún orí yín ní àkúnjù, tó ṣàn sọ̀kalẹ̀ gba ilẹ̀, tó wá lọ bá amọ̀. Ẹ wò ó. Ẹ̀yin ni."

Ìbéèrè náà padà sínú ọ̀nà ọ̀fun. Ọláníyọnu nàró, ó wo ìlẹ̀kẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì rí ara rẹ̀.

Wọ́n pe ìgbìmọ̀ jọ láti sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó. Ẹnìkan dábàá Búlúù Ọlọ́gbọ́n, wọ́n ní kò fi ẹni tó gbọ́n hàn. Ẹnìkan dábàá Búlúù Àìnípẹ̀kun, Olùdarí fúnra rẹ̀ ní ìyẹn ti pọ̀ jù díẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú. Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Tamale bèèrè ohun tí nǹkan náà ń ṣe gan-an. Wọ́n sọ fún un pé ìyẹn kò sí nínú ohun tí ìpàdé wà fún. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò sí Búlúù Ọláníyọnu. Wọ́n pinnu pé ọjọ́ tí Olùdarí bá pé ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ní ìdajì oṣù kejì, ni wọn yóò fi í han aráyé. Pé wọn yóò fi kun ògiri iwájú gbọ̀ngàn. Àti pé Olùdarí yóò wọ agbádá tí wọ́n rẹ sínú rẹ̀, kí ayé lè rí ẹni tó ni àwọ̀ àti àwọ̀ tó ni ẹni.

Nígbà tí Sàbírátù gbọ́ ti agbádá, ó jókòó, ó kọ̀wé sí Olùdarí. Ìwé náà kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Àwọ̀ yìí a máa yí padà bí omi tàbí ọ̀rinrin bá kàn án. Kì í ṣe ọ̀dà ògiri. Kì í ṣe aró aṣọ. Kò gbọdọ̀ kan ara ènìyàn, nítorí ó lè mú ara yún kó sì sú.

Gifty, tó jẹ́ akọ̀wé Olùdarí, dá ìwé náà padà. Ènìyàn dáadáa ni Gifty, ṣùgbọ́n òfin wà lórí tábìlì rẹ̀, ìwé yìí kò sì ní "Alàgbà" nínú. Sàbírátù tún un kọ. Gifty dá a padà lẹ́ẹ̀kejì, nítorí "Dókítà" ṣíwájú "Ọ̀jọ̀gbọ́n". Lẹ́ẹ̀kẹta, Sàbírátù lọ dúró níwájú ilẹ̀kùn tí káfíńtà fi pákó kún, ó da gbogbo oyè náà kọ láìku ẹyọ kan. Oyè kún ojú ewé kìíní títí dé ìsàlẹ̀. Ìlà mẹ́rin tó ṣe pàtàkì bọ́ sí ojú ewé kejì.

"Mepa wo kyɛw, Àǹtí Sàbírátù," Gifty fi Twi bẹ̀ ẹ́, ojú ń tì í, "ẹ má bínú. Bàbá kì í ṣí ojú ewé kejì."

Sàbírátù gba ìwé rẹ̀, ó sì wọlé tọ Olùdarí lọ láìsí ìwé. Ó kúnlẹ̀ kí i. Ọláníyọnu rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó ti mọ ohun tí aláìní ń wá.

"Mo mọ ohun tó gbé ọ wá," ó ní. "Orúkọ rẹ. Fọkàn balẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tí n ó sọ lọ́jọ́ náà, mo ti fi ọ́ sí 'àti àwọn mìíràn'."

"Ẹ ṣé, sà. Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn ni mo bá wá. Àwọ̀ náà..."

"Àwọ̀ tó bá ti ń jẹ́ orúkọ mi," Ọláníyọnu gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, "kò tún sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò kọ́ mi nípa rẹ̀."

Ó sì tẹ aago kí Gifty wá ṣílẹ̀kùn fún un. Sàbírátù padà sí yàrá ìwádìí, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ọdún mẹ́jọ kì í ṣe ọjọ́ mẹ́jọ. Ó mú bírò ńlá, ó kọ "Ẹ má fi kan ara" gàdàgbà sí ìdérí gbogbo garawa tí iyọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ọdúnọlá ló wá kó àwọn garawa náà lọ. Ó rí ìkọ̀wé náà, ó ní kò bójú mu, ó sì lẹ àwòrán Olùdarí bò ó.

Ọdúnọlá kò fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun pín èrè iṣẹ́ náà, nítorí náà, òun tìkára rẹ̀ ló rẹ agbádá. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ti agbádá funfun náà bọ inú garawa, ó yọ ọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, píǹkì ni. Píǹkì fòò, bí ètè ọmọ tuntun. Ọdúnọlá wo aṣọ, ó wo garawa, ọ̀nà méjì sì là níwájú rẹ̀: kí ó lọ bi Sàbírátù, tí yàrá rẹ̀ kò jìnnà ju ogún ẹsẹ̀ lọ, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó yan èkejì. Nígbà tí ẹkún kò ṣiṣẹ́, ó sá aṣọ náà sínú ọyẹ́, ó sì gbé áyánù gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ibi tí áyánù bá kọjá ń di búlúù. Ó tẹ̀ ẹ́ títí gbogbo rẹ̀ fi dọ́gba, ó yin Olúwa, kò sì sọ fún ẹ̀dá alààyè kan. Ẹni tó rí iṣẹ́ ìyanu lábẹ́ áyánù kì í bi áyánù ní ìbéèrè.

Ọjọ́ pé. Ní òwúrọ̀, Evelyn, ìyàwó Ọláníyọnu, dúró lójú fèrèsé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ọyẹ́ ti lọ lóru, pé afẹ́fẹ́ ti wúwo, ìkùukùu sì ń ṣú bọ̀ láti apá ìwọ̀ oòrùn; bóyá kí ó wọ aṣọ eléérú rẹ̀. Ọláníyọnu ní òun ti ka ètò ọjọ́ náà láti òkè délẹ̀, òjò kò sí nínú rẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ló wá, àfi Mínísítà, tó fi ìwé ìkíni ránṣẹ́. Àwọn àlejò jókòó sábẹ́ àgọ́, wọ́n kọjú sí gbọ̀ngàn, tí ògiri rẹ̀ ti gbẹ di búlúù láti ìgbà ọyẹ́. Ní ìlà iwájú ni Hájíà Hamdia wà, alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé ìwádìí náà, apòògùn tó ti fẹ̀yìntì, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n tí bírò kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn pátápátá ni Akosua jókòó sí, ẹni tó ń ta àgbàdo ní ọjà Race Course. Sàbírátù ló pè é, nítorí òun ni ó gbà kí wọ́n dán ìgò náà wò nínú ilé ìkẹ́rù rẹ̀ fún odidi àsìkò òjò kan.

Ọdúnọlá fi ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì yin ọ̀gá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tó bí Ọláníyọnu, irin kò mọ̀ pé irin ni òun. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọláníyọnu jáde láti inú ọkọ̀ tó tutù, agbádá búlúù ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àwọn ènìyàn sì pariwo lóòótọ́, nítorí ó dára lójú. Ó gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú.

"Nígbà tí Ẹlẹ́dàá dá ojú ọ̀run," ó bẹ̀rẹ̀, "Ó wo búlúù tí Ó lò, Ó ní ó dára. Ṣùgbọ́n Ó mọ̀ nínú ọkàn Rẹ̀ pé iṣẹ́ ṣì kù."

Aṣọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀, agbádá lókè gbogbo rẹ̀, ooru sì mú. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìjàkadì rẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ ní òru dúdú, ìjàkadì tí amọ̀ fúnra rẹ̀ kò rántí, òógùn sì ń yọ. Ìlà iwájú ló kọ́kọ́ rí i. Abíyá ọ̀tún Olùdarí di píǹkì, abíyá òsì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni ọrùn, ní roboto, bí ẹ̀gbà. Ojú àwọn ènìyàn là. Ọláníyọnu rí àwọn ojú náà, ó gbà pé ọ̀rọ̀ òun ló wọ̀ wọ́n lára, ó gbé ohùn sókè. Bí ohùn bá ti ga ni òógùn ń pọ̀, bí òógùn bá ti pọ̀ ni píǹkì ń tàn ká, bí píǹkì bá sì ti tàn ni ojú àwọn ènìyàn tún ń là sí i. N kò rí ẹ̀rọ mìíràn rí tó ṣiṣẹ́ dáadáa bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwádìí yẹn.

Ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó fi ìka kan họ ọ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń ronú.

Ibẹ̀ ni Akosua ti nawọ́. Wọ́n ní kó dúró, kò dúró. Ó fi Twi kí i, ó sì bọ́ sí Yorùbá ọjà tó kọ́ lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Alabar.

"Prof, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọn ò tíì ní ìgò yẹn. Bí ó bá jẹ́ búlúù, ṣé kí wọ́n ta àgbàdo wọn ni, àbí kí wọ́n lọ sá a?"

Ọdún kọkànlá rèé tí ẹnikẹ́ni kò bi Ọláníyọnu ní ìbéèrè kẹ́místírì. Ó wá ìdáhùn náà nínú orí rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ti mọ ọ́n rí, nígbà tó wà ní ọmọ ilé ẹ̀kọ́: ọ̀rọ̀ kóbáàtì àti omi. Bí wọ́n bá fún un ní ìṣẹ́jú kan, ó lè rí i. Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ẹnu rẹ̀ lára láti máa ṣíwájú orí lọ.

"Ìyá, òkun jẹ́ búlúù," ó ní. "Ojú ọ̀run tí òjò ti ń wá jẹ́ búlúù. Búlúù ni àmì omi. Bí ẹ bá ti rí Búlúù Ọláníyọnu, àgbàdo yín ti tutù. Ẹ kó o lọ sóòrùn kíá."

Akosua rò ó. "Ei," ó ní jẹ́jẹ́. "Òdìkejì ni Dókítà kọ́ mi. Mo sì ṣe é bẹ́ẹ̀, àgbàdo mi kò bu lọ́dún yìí."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì ta ran ẹlòmíràn. Ọláníyọnu ń wá gbólóhùn tó tóbi tó láti fi bo ẹ̀rín náà mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ̀fúùfù dé, òjò sì fì láti ẹ̀gbẹ́ wọlé, òjò àkọ́rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ètò. Ó kan ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, búlúù náà pa rẹ́ láti òkè wá sílẹ̀ bí ẹni fa aṣọ ìkélé, píǹkì sì ń ṣàn gba orí àtẹ̀gùn. Ó kan agbádá náà. Láàárín ìgbà tí ènìyàn fi lè ka ogún, Olùdarí Àgbà Ilé Ìwádìí Amọ̀ àti Irin pọ́n bí ọmọ ẹ̀yẹlé.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní sínú gbohùngbohùn. "Èyí wà nínú ètò." Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lọ́rùn, ó ń họ.

Hájíà Hamdia dìde. Ó bi í pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọ̀ náà. Ọláníyọnu ṣì ń họ ọrùn. Hájíà wá kọjú sí àwọn òṣìṣẹ́, ó bèèrè ẹni tó ṣe é gan-an. Gifty ló dìde láti ẹ̀gbẹ́.

"Dókítà Sàbírátù ni, Hájíà," ó ní. "Ó kọ̀wé pé kí wọ́n má fi rẹ aṣọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kọ ọ́. Èmi ni mo dá a padà."

Sàbírátù jáde wá. Òun tí gbogbo ènìyàn ń retí pé kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún mẹ́jọ rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ tààrà.

"Sà, ẹ bọ́ aṣọ yẹn," ó ní. "Ó ń jẹ yín lára. Ẹ jẹ́ ká lọ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ kúrò ná."

Níwájú gbogbo àlejò, Ọláníyọnu bọ́ agbádá, ó bọ́ bùbá, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò. Ó rò pé ilẹ̀ máa là. Ilẹ̀ kò là. Obìnrin tó kọ sínú "àti àwọn mìíràn" ló bu omi fún un.

Ìgbìmọ̀ jókòó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ọdúnọlá ló kọ́kọ́ jẹ́rìí. Ó ní òun kò fọkàn tán àwọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Hájíà Hamdia ní kí wọ́n gbé ìwé tí Ọláníyọnu ń kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sí wá. Gifty wá a títí, ó bá a lábẹ́ àpótí káàdì ìkíni. Ọjọ́ tó wà lójú ewé ìkẹyìn ti lé ní ọdún mọ́kànlá. Hájíà bi í pé kí ló ti wádìí láti ìgbà náà. Ọláníyọnu la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí pé òun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Dókítà Alàgbà. Obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè, kò gbé e ga, ó kàn gbé e. Gbogbo oyè náà dúró.

Wọ́n yọ ọ́ ní ipò. Wọ́n ní ọdún méjì ló kù fún un láti fẹ̀yìntì. Ó lè máa lọ sílé báyìí, tàbí kó padà sí yàrá ìwádìí bí olùwádìí lásán. Sàbírátù ni wọ́n ní kó di ipò náà mú fún ìgbà díẹ̀. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ẹ̀rọ amúlétutù kúrò lórí okùn iná ìléru. Lọ́jọ́ tó wọ ọ́fíìsì, Ọdúnọlá ti wólẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń pè é ní Ìyá Amọ̀, Olówó-orí Irin. Sàbírátù ní kí ó dìde. Ó rán an lọ sí àwọn ilé ìkẹ́rù Race Course, pé kó máa wo ìgò lójoojúmọ́ kó sì máa kọ àwọ̀ tó bá rí, búlúù tàbí píǹkì, ọ̀rọ̀ kan péré. Mo gbọ́ pé ọ̀sẹ̀ kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ní ti Ọláníyọnu, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi jókòó sílé pẹ̀lú ìpara lọ́rùn. Fóònù tó máa ń dún títí kò dún mọ́. Ó kọ́kọ́ bínú sí òjò, ó bínú sí Akosua, ó bínú sí Ọdúnọlá. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ìbínú tán, ohun tó kù kò ju ìbéèrè Akosua lọ, tó ń dún létí rẹ̀ bí ẹ̀fọn. Kí ló tilẹ̀ fà á tí omi fi ń sọ búlúù di píǹkì? Ó bọ́ sóde, ó wọ trotro ní Adum, wọ́n há a mọ́ àárín obìnrin méjì tó gbé adìyẹ dání, ó sì lọ.

Sàbírátù kò bú u, kò sì kí i jù. Ó fún un ní aṣọ iṣẹ́ àti igun tábìlì kan. Ó ní kóbáàtì yìí kò tẹ́ òun lọ́rùn nítorí ó ń jẹ ara. Òun fẹ́ iyọ̀ mìíràn tó lè yí àwọ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára. "Ẹ bá mi wá a, Bàbá," ó ní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ọláníyọnu fi da omi sílẹ̀ kí ó tó rántí bí wọ́n ṣe ń dà á láti ìgò sí ìgò. Ó fọ́ àwo mẹ́fà. Ó fọ ohun tó fọ́.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, Evelyn gbé omo tuo, ìrẹsì tí wọ́n gún tí wọ́n sì ṣù bí iyán, àti ọbẹ̀ ẹ̀pà kalẹ̀ fún un, ó sì bèèrè, bí ìyàwó ṣe máa ń bèèrè láìretí èsì gidi, pé báwo ni ibi iṣẹ́. Ọláníyọnu ní kò dáa rárá. Ìlẹ̀kẹ̀ tí òun sun ti là, iyọ̀ inú rẹ̀ kò sì yí àwọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìdí tó fi là. Ó fi omo tuo ṣe amọ̀, ó fi ìka lu ihò sí i lára, ó da ọbẹ̀ lé e kó lè fi ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé hàn. Ó ní kò wọlé bó ṣe yẹ. Ihò náà kéré jù, ó dá òun lójú, tàbí iná ló pọ̀ jù. Evelyn fọwọ́ lẹ́rán. Irú ọ̀rọ̀ báyìí nìkan ni ọkùnrin yìí ní lẹ́nu nígbà tó fi fẹ́ ẹ, Evelyn kò sì gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí Ayọ̀kànmí, ọmọ wọn, ti wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Òmíràn tún wà nínú iná báyìí?" ó bèèrè.

"Ó wà níbẹ̀. Ọ̀la ni a ó yọ ọ́."

"Ṣé èyí máa ṣiṣẹ́?"

"N kò mọ̀," Ọláníyọnu ní. Ó rò ó síwájú sí i. "Ó lè má ṣiṣẹ́."

"Bí kò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

"Màá tún òmíràn pò."

Evelyn wo àwo náà, omo tuo tó kún fún ihò, ọbẹ̀ tó ti tutù láàárín rẹ̀.

"Ó dáa, Bàbá Ayọ̀kànmí," ó ní. "Ṣùgbọ́n èyí tó wà níwájú yín yìí, oúnjẹ ni. Ẹ jẹ ẹ́."